Wendell Kò Dáwọ́ Ìlù Dúró

Ọ̀gbẹ́ni Philbrick, ẹni tó ń gba orin wa sílẹ̀, ló fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Ká ní kò bò ó ni, bóyá à bá má mọ̀ títí dòní.

Èmi ni Lorna Pacheco, èmi ni mo ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Eyín Irin. Mẹ́rin ni wá. Rudy Balanon ló ń kọrin, bí èèyàn bá lè pe igbe tó ń ké yẹn ní orin, ó sì ń ta gìtá pẹ̀lú. Keith Oster ló ń ta gìtá kejì, èyí tó máa ń sáré lókè lókè. Wendell Strand ló ń lùlù. Ọmọ Vallejo ni gbogbo wa, inú gáréèjì bàbá Rudy la ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ agbègbè wa ya wèrè sí orin onírin, ìyẹn mẹ́tà, èyí tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ìyá Rudy á gbé àwo pánsìtì, núdù ilẹ̀ wọn, wá sí ẹnu ọ̀nà fún wa, á ti fi òwú di etí méjèèjì.

"Rudy, ọmọ mi," á ní, "ṣé inú ló ń run yín ni?"

Àwa fúnra wa la ṣe kásẹ́ẹ̀tì wa àkọ́kọ́, a dà á kọ, a ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló fi dé Jámánì àti Bùràsíìlì. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan rán ọkùnrin kan wá bá wa. Ó ní orin wa dára, àmọ́ ká dẹ eré rẹ̀ díẹ̀, kí Rudy sì máa kọrin bí ọmọ èèyàn.

Rudy ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti sọ fún ewúrẹ́ rí pé kó máa gbó?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ àwa àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá parí sí. Àwa la ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wa jáde, àwa la ń wá ibi tí a ó ti ṣeré, àwa náà la ń wa ọkọ̀. Ọwọ́ obìnrin kan tó ń ta òdòdó la ti ra bọ́ọ̀sì náà, òórùn òdòdó kò sì kúrò nínú rẹ̀ láé. A gbé e dé Reno, dé Salt Lake City, dé Denver nínú yìnyín. Níbi gbogbo tí a bá ti ṣeré, àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré yí po níwájú wa, wọ́n á máa kọlu ara wọn bí àgbò; ẹni tó bá ṣubú, àwọn tó kọlù ú náà ni yóò gbé e dìde.

Wendell ni wọ́n ń wá wò. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń kan òrùlé, irun pupa rẹ̀ kan ẹ̀yìn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sídìí ìlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa yára ju ojú lọ. Lẹ́yìn ìgbà tí a ti Denver dé, ó tún wá dákẹ́ sí i. Kì í gbé fóònù mọ́. Ó ní dandan ni kí sípíkà gìtá mi máa fara kan àga òun. A ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Keith ní, "Onílù ni jàre. Ta ló ń wá ọgbọ́n lọ sọ́dọ̀ onílù?"

Báyìí la ṣe dé sítúdíò Philbrick ní Oakland, ní ọdún 1991, láti gba rẹ́kọ́ọ̀dù wa kẹta sílẹ̀. Philbrick fi Wendell sínú yàrá kékeré kan lọ́tọ̀, kí ariwo ìlù má baà wọ inú gìtá. Iná pupa kan wà lára ògiri. Tó bá ti tàn, ká bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé gíláàsì ló wà láàárín àwa àti Wendell, Philbrick sì mú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ fi bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò ó," Wendell wí.

"Ariwo rẹ ń gba ibẹ̀ jáde. Kí lo fẹ́ máa wò? Àbí Lorna lo fẹ́ fẹ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wendell náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Philbrick fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Iná tàn. A bẹ̀rẹ̀. Orin náà ò tíì dé ìdajì tí okùn gìtá Rudy fi já, ó bú èébú, ó dúró. Keith dúró. Èmi náà dúró.

Ìlù ń lọ.

A wo ara wa. Keith rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí wèrè yìí." Philbrick tẹ bọ́tìnnì, ó sọ̀rọ̀ sínú ohun tí Wendell fi bo etí: "Wendell, dúró. Okùn ti já." Ìlù ń lọ. Ó dé ibi tó yẹ kí Rudy ti ké, ó fàyè sílẹ̀ fún igbe tí ẹnikẹ́ni kò ké, ó sì tún bẹ́ sókè. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Keith.

Mo lọ ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. "Wendell!" mo pè é. Mo tún pè é. Mo wá lọgun bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kò tilẹ̀ mi orí. Ó lu orin náà dópin, ó gbé igi ìlù sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó sì kọjú sí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa, àbí?" ó bi bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ara mi tutù. Nígbà tó yí padà tó rí mi, igi ìlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn yòókù ti dé ẹ̀yìn mi. Rudy tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "O ò gbọ́ ni? Wendell, o ò gbọ́ nǹkan kan?"

Ẹnu Rudy ló ń wò. "Rọra sọ ọ́," ó ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń dínkù. Láti Denver ló ti lọ tán."

"Denver! Ìrìn àjò wo la ò tíì rìn láti Denver?" Rudy di orí mú. "Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ rẹ yẹn ńkọ́? O ò gbọ́ wa?"

"Mò ń wo ọwọ́ ọ̀tún Lorna. Sípíkà rẹ̀ sì ń gbọ̀n sínú egungun mi. Etí bàbá mi náà ti di láti ìgbà tí wọ́n ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Tèmi ló kàn tètè dé. Dókítà ní kò sóhun táwọn lè ṣe." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí mo bá sọ fún yín, ẹ máa wá ẹlòmíràn."

Keith lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Èmi ni nǹkan mìíràn ń gún láyà. Nígbà kan lẹ́yìn Denver, tí òun ń wa bọ́ọ̀sì padà lọ sí Reno tí àwọn méjì tó kù ń sùn lẹ́yìn, mo sọ fún un bí ìyá mi ṣe kú. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Ó ń mi orí, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ bí Wendell.

Mo dúró níwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi. "Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́nà Reno ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ojú títì ni mò ń wò. Mo rí i pé ò ń sunkún. N kò mọ ohun tó fà á."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ̀rù bà mí pé wàá dá mi lóhùn."

Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìlù rẹ̀, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò gbójú kúrò lẹ́nu mi títí mo fi parí. Òun náà sunkún.

Rudy ló wọlé wá tó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà já. Ó ní inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa yóò ti ṣeré, ká kọjú síra wa. Philbrick ní ariwo náà yóò dàpọ̀ mọ́ra wọn, yóò bàjẹ́. "Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́," Rudy wí. Bí a ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde, a ṣeré ní Berkeley. Láàárín orin méjì, láìbi ẹnikẹ́ni, Rudy sọ fún gbogbo èrò pé etí onílù wa ti di pátápátá. Ọkùnrin kan ní iwájú kígbe pé, "Irọ́ ni!"

Wendell rí i pé gbogbo ojú ti yí sí òun. Ó fi ojú béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì fi ẹnu sọ fún un, láìpariwo, ohun tí Rudy wí. Ó dìde dúró. Mo rò pé ó ń lọ ni. Ó wo Rudy fún ìgbà pípẹ́, ó jókòó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin tó kàn lójijì, eré rẹ̀ le débi pé ọwọ́ Rudy kò bá a. Ó ń rẹ́rìn-ín bí Rudy ṣe ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ tó ń làágùn. Ìyà tó fi jẹ ẹ́ nìyẹn. Odidi oṣù kan ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọdún 1993, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Wendell. Ó ṣubú láti orí òrùlé, ọpẹ́ ni pé inú igbó òdòdó aládùúgbò ló bọ́ sí; lẹ́yìn náà ó ṣubú láti orí àga ìlù ní Sacramento. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ó tó. Ẹnikẹ́ni kò dábàá pé ká wá onílù mìíràn, bí ẹgbẹ́ Eyín Irin ṣe parí nìyẹn.

Ní báyìí, Keith ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gìtá. Rudy ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Tó bá ń bá Wendell sọ̀rọ̀, á máa la ẹnu gbàù bí ẹja, Wendell á sì ní òun rí oúnjẹ àná. Èmi kọ́ èdè tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ. Wendell ní òfófó pọ̀ lọ́wọ́ mi ju ẹnu mi lọ.

Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè láti Bùràsíìlì bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Wendell. Mo ní òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà mìíràn, tí mo bá dá wà nílé, mo máa ń fi orin tí a gbà sílẹ̀ lẹ́yìn Denver sínú ẹ̀rọ, màá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa láti wá ibì kan ṣoṣo tó ti ṣì í lù. N kò tíì rí i. Ara mi á sì tún tutù.