Dígí Tí A Ò Dá Padà

Bàbá mi kì í gbọ́ràn. Àìsàn ló dí wọn létí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Èmi gbọ́ èdè ọwọ́ náà dé ìwọ̀n àyè kan, àbúrò mi obìnrin ló gbọ́ ọ yékéyéké. Àmọ́ ìlú tó jìnnà ni àbúrò mi ń gbé. Bí àwòrán ò bá ti dúró dáadáa lórí fóònù, bàbá àti ọmọ ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Wáífáì ilé wa sì ya aláìsàn. Láàárọ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àbúrò mi ráyè pè, ojú rẹ̀ á kàn gan sórí fóònù, ọwọ́ Bàbá á sì dúró sínú afẹ́fẹ́. Mo pe iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án, ó sú mi. Wọ́n rán ẹnìkan wá lọ́sàn-án, ó yẹ gbogbo wáyà wò, ó ní ara ẹ̀rọ náà dá ṣáṣá. Díẹ̀ ló kù kí n fi sísọ́ọ̀sì lé e jáde.

Aránṣọ ni mí, pálọ̀ wa náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Lójúmọmọ, dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn máa ń wà lẹ́bàá fèrèsé. Tí mo bá ti ṣíwọ́, mo máa ń tì í padà sára ògiri kí a lè ráyè jókòó.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi láti gbé ọmọ inú rẹ̀ jáde. Bàbá ní àwọn gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ní kí n bá wọn kọ ọ́ ránṣẹ́, wọ́n mi orí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà tí mo sọ ní Ìyá Tún-un-Ṣe yọjú. Ó ní aṣọ òun gùn, mo gé e. Ó yí síwá sẹ́yìn níwájú dígí, ó ní ó ti kúrú jù. Ẹ̀rín oníṣòwò ni mò ń rín. Orí ìkúnlẹ̀ nídìí aṣọ rẹ̀ ni mo wà nígbà tí àbúrò mi pè.

Ojú rẹ̀ yọ kedere. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

“Nígbà tí wọ́n bí ọ, mo rí i pé ò ń ké, mi ò gbọ́. Ìyá rẹ fi ọwọ́ mi lé ọ láyà, àyà rẹ ń gbọ̀n. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ nìyẹn. Má bẹ̀rù. Mò ń dúró láti gbọ́ ti ọmọ rẹ.”

Àbúrò mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Tún-un-Ṣe pàápàá gbàgbé aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, mo fẹ́ ti dígí padà síbi tó máa ń wà. Bàbá dì mí lápá mú. Wọ́n nawọ́ sí pẹpẹ kékeré tó wà lára ògiri. Ẹ̀rọ wáífáì ló wà níbẹ̀, páànù sì ni ẹ̀yìn dígí náà. Mo ti dígí sí i níwájú, àmì wáífáì orí fóònù wálẹ̀. Mo fà á kúrò, ó gòkè. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Èmi tí mò ń bú ọmọ ọlọ́mọ ni aṣeni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Tún-un-Ṣe títí ó fi bi mí bóyá ara mi yá. Mo tú aṣọ rẹ̀, mo tún un rán, ó tún ní kí n tún un ṣe. Mi ò ráhùn.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi pè láti orí ibùsùn, ó gbé fóònù sún mọ́ ọmọ. Ọmọ lanu, ó figbe ta. Mo gbé ohùn fóònù sókè dé ibi tó lè dé. Bàbá gbà á, wọ́n fi lé àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n sì dijú. Fóònù náà ń gbọ̀n.

Ọwọ́ wọn kejì ló sọ fún mi pé, “Mo gbọ́ ọ.”