Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lórí

Agolo kọ́kọ́rọ́ kan gbáko ni obìnrin kan dà sórí tábìlì atúnfóònùṣe. Ó ní kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan nínú wọn ló gbọ́dọ̀ ṣí owó ọkọ òun.

Kọ́kọ́rọ́ gígé ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe jẹun kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé e dè. Èrè ibẹ̀ ló fi ń ra kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ìyàwó bá béèrè, á ní, “Àpò rẹ̀ wà nínú fóònù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí mi.” Ìyàwó ti tú gbogbo àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú orí ọ̀hún báyìí, dókítà ò sì ní ṣiṣẹ́ abẹ bí owó ò bá wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Atúnfóònùṣe náà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ṣàlàyé pé àpò yìí kì í ṣe aláṣọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣe onírin. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ léra láìṣi ọ̀kan. Ó jọ pé bàbá há a sórí ni. Bùlókùṣéènì tí wọ́n ń pariwo, ìwé kan ni tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń kọ, tí ẹnikẹ́ni ò lè pa rẹ́. Ó fi owó náà hàn án lójú fóònù ọkọ rẹ̀ tó mú wá. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ láìsí ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn, wíwò nìkan ni wọ́n lè wò ó.

“Máníjà wọn ńkọ́? Mo lè lọ bẹ̀ ẹ́.”

“Wọn ò ní máníjà, mà. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lówó.”

Inú bí obìnrin náà. Ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún gbogbo àdúgbò, kò gé ti èyí fún ìyàwó rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí ò wá jáde rárá ńkọ́?

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ dé ọsibítù, “omi” nìkan ló ń sọ. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, ìyàwó á gbé ife sí i lẹ́nu. Ó padà síbẹ̀, ó jókòó tì í, ó mú bírò.

“Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn.”

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tó ṣì lágbára di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú. “Omi,” ni ó wí. Ó dánu dúró, ó ronú. “Omi.” Òógùn bò ó. Ó ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí ó fi pé méjìlá, ó wá mí kanlẹ̀, ó ń wo bírò náà bóyá ìyàwó ti kọ ọ́.

Ife omi kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò tilẹ̀ wò ó. Òùngbẹ ò fìgbà kan gbẹ ẹ́.