Omi Lásán

“Dìde, kí o sọ ọ́ kí gbogbo kíláàsì gbọ́: ‘Irọ́ ni mo pa.’”

Vinko Plut dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Lórí tábìlì Olùkọ́ Kambič, ìgò wàrà kan dúró, omi wà nínú rẹ̀, ewé kan sì léfòó lórí omi náà. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀dá kan wà nínú ìgò yẹn. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá ló tì í jáde ní ojúsun tó wà nísàlẹ̀ oko bàbá Vinko. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó dúdú bí èédú, ó ní apá àti ẹsẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọ ìkókó tí ebi ń pa, ó sì ní àmì funfun kan lẹ́bàá ọrùn, bí hóró ìrẹsì kan ṣoṣo. Gbogbo abúlé Suhi Dol ló mọ ẹja-ènìyàn, èyí funfun tí kò lójú, tí àgbàrá máa ń gbé jáde láti abẹ́ òkè. Àwọn àgbà ní ọmọ dírágónì ni, pé ìyá rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń wá. Ṣùgbọ́n dúdú? Tó tún lójú?

“Kò sí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan,” ni olùkọ́ wí. Ó wá kọjú sí ọmọ tó ń jókòó ti Vinko lórí bẹ́ǹṣì, Rudi Štrucelj, ẹni tí Vinko fi ṣọ́ ìgò náà nígbà tó lọ pọn omi kíláàsì. “Rudi, kí lo rí nínú ìgò yìí?”

Rudi wo ilẹ̀. “Omi lásán ni mo rí, sà.”

Vinko mú fìlà rẹ̀ lára ìṣó, ó jáde. Bàbá rẹ̀ nà án, àlùfáà bẹ̀ ẹ́, kò padà sílé ìwé mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dírágónì.

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta rèé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Vinko ti ka ogún, ó ti ka ogójì, ó ti ń fura pé òtítọ́ yarọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, ó ń gé ẹ̀ka àjàrà rẹ̀ nígbà tó rí ọmọbìnrin yẹn tó tún ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ oko. Živa lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì ló ti wá, ó sì ti wá bu omi ojúsun náà sínú ìgò ní oṣù méjì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, Vinko dúró tì í títí ó fi bù ú tán, kò sì ṣẹ́jú.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Vinko.”

“Omi tí o bù lọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti mu ún tán ni?”

Živa rẹ́rìn-ín. “A kò mu ún, Bàbá. A yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ohunkóhun tó bá ń gbé inú omi máa ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ wa lè mọ ẹni tó ni ín.”

“Ẹ̀rọ yín ń bá omi sọ̀rọ̀. Ó dáa. Ṣé lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi wáyà yí oko mi ká, tí ẹ óò ní ti ìjọba ni?”

“Rárá o. Mo wá sọ ohun tí a rí fún yín ni. Ẹja-ènìyàn dúdú wà nínú ojúsun yín. Ó dá wa lójú.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Vinko. “Ta ló ní kò sí?”

“Kò sí onímọ̀ tó mọ̀ ọ́n títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.”

“Èmi mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ni Živa wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Vinko mọ irú ‘bẹ́ẹ̀ ni’ yẹn. Ó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ kó tó kú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò lọ. “Nǹkan kan ń dà mí láàmú. Ibi mọ́kànlá la ti bu omi ní abúlé yìí. Omi kànga Bàbá Rudi náà ní i.”

“Kànga Rudi?” Vinko yíjú padà. “Kànga òjò nìyẹn. Omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀. Dírágónì wo ló ń ti orí òrùlé wá?”

“Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìgò ló pààrọ̀. Mo fẹ́ sọ kámẹ́rà sínú rẹ̀ lónìí kí n lè mọ̀ dájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà omi níbí tó yín.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bàbá Rudi fúnra wọn.”

Ìyẹn ló tún mú kí ọ̀rọ̀ náà rùn sí i. Kí ló dé tí Rudi fi ń yìn ín? Ogójì ìṣísẹ̀ ni ilé Rudi sí tirẹ̀, kò sì tíì tẹ àgbàlá rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Àmọ́ ojú rẹ̀ ń débẹ̀. Ó mọ̀ pé kànga Rudi kì í gbẹ, bó ti wù kí ọ̀dá le tó. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé abúlé, gbogbo ilé ló fi òkúta dí kànga òjò wọn. Rudi nìkan ló fi tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì ṣe ìdérí irin lé e. Ó tún mọ̀ pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rudi máa ń wá wa ekòló létí ààtàn màlúù Vinko, bí ẹni tó ń lọ pẹja. Kò sì rí i kó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rí. Vinko ti pinnu tipẹ́tipẹ́ pé kò ní ìdí kankan, pé ó kàn ń ṣe é láti fi tọ́ òun níjà ni.

Ó fi ọ̀bẹ sápò. “Ó yá.”

Rudi jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ápù, ó ń bó ẹ̀wà. Bó ṣe rí wọn ló pàtẹ́wọ́.

“Dírágónì! Òjò á rọ̀ lónìí! Ṣé ìwọ lo wọ àgbàlá mi yìí, àbí òkú rẹ ni?”

“Tó bá jẹ́ òkú mi, ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ ló máa kọ́kọ́ yà. Ọmọ yìí ló fẹ́ wo inú kànga rẹ.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Rudi bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ àtùpà pa. “Inú kànga ṣe jẹ́? Ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà. Kò ṣeé ṣí.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣí i fún mi lọ́jọ́sí, Bàbá,” ni Živa wí. “Ẹ tiẹ̀ ní kí n bu iye tó bá wù mí, pé omi lásán ni.”

Vinko gbọ́ ọ. Omi lásán. Ó wo Rudi, Rudi sì wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti wò ó ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Kò bi ẹnikẹ́ni kó tó lọ síbi kànga náà. Ó fi ìka kan ìdè ìdérí, ó gbé ìka náà sókè: epo tuntun ń dán lára rẹ̀. Ó fa ìdérí náà. Ó ṣí láìdún rárá.

“Ìpẹtà yìí mà jọ̀lọ̀ o,” ni Vinko wí.

Rudi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀wà.

Živa sọ kámẹ́rà rẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn, òun àti Vinko sì tẹjú mọ́ fóònù tó mú dání. Ògiri òkúta. Omi. Ewé tó ti jẹrà. Lẹ́yìn náà, ohun kan tí ó dà bí okùn dúdú mira, ó na apá kékeré kan, ó tẹ òkúta.

Živa di apá aṣọ Vinko mú. “Bàbá! Òun ni! Òun gan-an ni!”

“Jẹ́ kó yíjú,” ni Vinko wí. “Àmì funfun kan wà lẹ́bàá ọrùn rẹ̀ lápá òsì. Bí hóró ìrẹsì.”

Wọ́n dúró. Ẹ̀dá náà yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò sí ibì kan tí ó ń kánjú lọ. Àmì náà wà níbẹ̀.

Živa yíjú sí Vinko, kò sì sí ‘bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá’ nínú ojú rẹ̀ mọ́. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Vinko tún tẹjú mọ́ fóònù náà. “Ọdún mélòó ni irú èyí ń lò láyé?”

“Àwọn kan ní ó lè tó ọgọ́rùn-ún. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá láìjẹun.”

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Vinko, agolo kan wà tí erùpẹ̀ tútù kún inú rẹ̀. Ekòló kan yọ orí jáde níbẹ̀. Vinko wò ó pẹ́. Èyí kò lo ọdún mẹ́wàá láìjẹun. Kò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Živa ti ṣí ìwé rẹ̀. “Mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ rí i, níbo, nígbà wo? Bàbá Rudi, báwo ló ṣe dé ibí?”

Vinko ti ní ìdáhùn náà létí ahọ́n láti ìgbà ọmọdé rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Tó bá jẹ́ ẹnu tirẹ̀ ló ti jáde, ìtàn Dírágónì náà ni yóò tún jẹ́. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè sọ ọ́, ẹnu náà sì ń wo ẹ̀wà tó wà lórí itan rẹ̀.

Rudi gbé abọ́ ẹ̀wà náà sílẹ̀.

“Ọ̀dá mú lọ́dún yẹn,” ni ó wí. “Ìyá mi lóyún, ó sì ń pọn omi láti ojúsun yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ìyá àgbà wa máa ń sọ pé omi tí ọmọ dírágónì bá ń gbé inú rẹ̀ kì í gbẹ. Ìwọ lọ pọn omi kíláàsì. Mo gbé ẹ̀dá náà sínú fìlà mi, mo sáré wálé, mo sáré padà.” Ó gbé ojú sí Vinko fún ìgbà àkọ́kọ́. “Mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ kejì. O ò wá sílé ìwé mọ́.”

“Ogójì ìṣísẹ̀ ni ilé mi sí tìrẹ, Rudi.”

“Mo mọ̀.”

“Ogójì péré.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Vinko.”

Ó ti pẹ́ tí ará abúlé kankan ti pè é ní Vinko. Bírò Živa dúró lórí ìwé. “Orúkọ ta wá ni kí n kọ?”

“Dìde,” ni Vinko wí fún Rudi. Kò pariwo.

Rudi wò ó. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó sì dì í mú níwájú àyà bí a ti ń ṣe nílé ìwé láyé ọjọ́un.

“Kọ ọ́ pé Vinko Plut ni. Òun ló mú un ní ojúsun wọn, ó gbé e wá sílé ìwé nínú ìgò wàrà. Mo rí i. Olùkọ́ bi mí, mo ní omi lásán ni.” Ó kọjú sí Vinko. “Irọ́ ni mo pa.”