Ẹṣin Onígi Inú Yàrá Ọmọ

Aránṣọ ni ìyá kan. Ó di ẹṣin onígi kan sínú aṣọ ìbora, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tára rẹ̀ ò yá, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó máa ń díye lé ohun àtijọ́.

"Ta lẹ gbé mọ́ra báyìí, màmá?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kì í jẹ koríko ni."

Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ náà ti wà lókè òkun, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ. Láìpẹ́ yìí ló sọ lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ ta gbogbo ẹrù inú yàrá mi, kẹ́ ẹ gba ayálégbé sí i." Ọ̀rọ̀ náà há ìyá láyà bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú aṣọ.

Ọkùnrin náà fi awò sójú. Ó dorí ẹṣin náà kodò, ó yẹ abẹ́ inú rẹ̀ wò, ó yẹ igi méjì tó tẹ̀ bí ọrun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lé wò pẹ̀lú.

"Kò sí ìṣó kankan ńbẹ̀. Igi ló fi kan igi. Irun ẹṣin gidi ló fi ṣe gọ̀gọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe èyí ò kánjú."

"Kò kánjú rí láyé ẹ̀," ni ìyá wí. "Àfi nígbà tó máa kú."

Ọkùnrin náà fi lẹ́búlẹ́bú igi tó dà sórí aṣọ ìbora hàn án. "Kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Màá fi oògùn sí i. Ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ má fomi nù ún. Aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fi nù ún, kẹ́ ẹ sì máa fi ìda oyin díẹ̀ ra á lára. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kùn ún lọ́dà tuntun o. Etí òsì tó ti gbó yìí nìkan ló dín iye rẹ̀ kù. Mo lè gbẹ́ òmíràn sí i, mo sì mọ ẹni tó máa rà á."

Ìyá fọwọ́ kan etí náà. Ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ máa ń dì mú nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń tì í. Igi ibẹ̀ ti ń dán, ó ti jin wọnú. Ìka ìyá tóbi jù fún kòtò kékeré náà.

"Ẹ bá mi pa kòkòrò. Ẹ fi etí yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà."

Nígbà tó gbà á padà, inú yàrá ọmọ náà ló gbé e sí, níbi tí oòrùn ò dé. Ọmọ pè é nírọ̀lẹ́.

"Màámi, ṣé ẹ ti tà wọ́n?"

"Mo ti ta bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò ta ẹṣin bàbá ẹ."

Ìyá rò pé fóònù ti já.

"Ṣé ó ṣì máa ń dún?" ni ọmọ bi í.

Ìyá gbé fóònù lé gàárì, ó ti ẹṣin náà. Kẹ́ẹ́ kẹ̀ẹ̀, kẹ́ẹ́ kẹ̀ẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí.

"Ẹ má tíì dá a dúró."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?" ti dé orí ahọ́n ìyá. Ó gbé e mì, ó sì ń ti ẹṣin náà lọ títí apá fi ń ro ó.