Kúẹ́rì Lórí Pírínítà

Ọ̀gá Sylvanus fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò fi kúẹ́rì sílẹ̀ níbẹ̀; ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ l'Ọ́wọ̀. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò dá pírínítà tuntun mọ̀, ó kọ kúẹ́rì fún Theresa, akọ̀wé rẹ̀, pé kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ lé e dànù.

“Gbogbo ohun tọ́wọ́ ẹ bá kàn ló ń bàjẹ́, olórí burúkú!” Ó pariwo ẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà.

Theresa lọ síbi kọ̀ǹpútà. Ó yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà síta, ó fa okùn pírínítà yọ. Àbẹ́là ti dí i lẹ́nu. Ìgbà náà ló rántí pé nígbà òjò, ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọ́ àbẹ́là dí àwọn ihò ẹ̀yìn náà nítorí aáyán. Ihò kejì ṣì wà ní dídí, àmì àtàǹpàkò tí ọ̀gá fi tẹ àbẹ́là náà sì hàn lára rẹ̀ ketekete, tòun ti àpá àdá tó là á láàárín.

Theresa fi píìnì irun họ àbẹ́là náà jáde lódidi, ó gbé e lé orí kúẹ́rì.

“Ìdáhùn mi rèé, ọ̀gá. Ẹ tilẹ̀ ti tẹ̀ka sí i.”