Afẹ́fẹ́ Inú Mọ́tò Bàbá Télọ̀

Ìyàwó Bàbá Télọ̀ ti kú, ẹ̀ẹ̀rùn kan ti gorí ẹ̀, síbẹ̀ bàbá yìí ò tíì gbà pé obìnrin náà ti lọ tán. Ibì kan ló kù tó ti ń rí i. Kì í ṣe yàrá o, torí àwọn ọmọ ti pín aṣọ ìyá wọn, wọ́n sì ti fi ọṣẹ fọ gbogbo ilé. Inú mọ́tò ni. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀ báyìí, á wọ mọ́tò, á pa ilẹ̀kùn dé, á tan ẹ́síì, á dijú. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ wá, òórùn páúdà ìyàwó ẹ̀ á sì bá a wá, páúdà olóòórùn dídùn tí obìnrin náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọrùn nínú mọ́tò nígbà gbogbo tí wọ́n bá ń jáde. Ká sòótọ́, bàbá ò ní lọ síbì kankan. Á kàn jókòó ni, bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó ẹ̀ kó múra tán.

Àfi bí afẹ́fẹ́ ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ó wá dà bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́nu fẹ́ àbẹ́là. Bó ṣe ń rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òórùn náà ń rẹ̀. Ẹ̀rù ba Bàbá Télọ̀ gan-an. Ó ní tí wọ́n bá ṣáà ti bá òun ṣe é kó máa fẹ́ dáadáa, òórùn náà á tún kún mọ́tò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó gbé e dọ́dọ̀ Ọ̀gá Tútù nìyẹn, ọkùnrin tó ń tún ẹ́síì mọ́tò ṣe, ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà! Kí ni mọ́tò wí?"

"Kò fẹ́ dáadáa mọ́."

"Ṣó ṣì ń tutù?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Kó ṣáà ti máa fẹ́."

Ọ̀gá Tútù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bọ̀ wá síbí tí òtútù ò kàn yín! Àwọn tó kù, tí imú wọn ò bá tíì dì, wọ́n á ní mi ò tíì ṣe nǹkan kan."

Bàbá fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ fún un. Ó tiẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ẹ̀ gan-an? Kí àgbàlagbà máa wí fún ọmọ tóun lè bí pé òórùn ọrùn obìnrin lòun ń wá kiri? Ó lọ jókòó sórí táyà àlòkù kan.

Ọ̀gá Tútù tan fáànù, ó yí i láti orí kíní dé orí tó kẹ́yìn, ó dẹtí. Fáànù ń ké wúù wúù, ṣùgbọ́n ohun tó ń tojú ihò jáde ò tó nǹkan. Ó ya tíṣù pẹ́lẹ́bẹ́ kan, ó nà án síwájú ihò náà. Tíṣù kàn mì díẹ̀, bí ẹni tó ń kíni tìkọ̀tìkọ̀.

"Bàbá, ṣẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀? Kò ṣe fáànù ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ òun ló ń kú lọ ni, kò ní lágbára àtipariwo báyìí. Ọ̀nà ẹ̀ ló dí."

Ó yẹ abẹ́ gíláàsì iwájú wò. Ewé gbígbẹ díẹ̀ ló bá níbẹ̀, kò tó nǹkan tó ń dínà. Ló bá padà sínú mọ́tò, ó wo bọ́tìnì kan.

"Inú mọ́tò níbí náà lẹ̀ ń jẹ́ kó ti máa fa afẹ́fẹ́, ẹ ò jẹ́ kó fà á láti ìta?"

"Ìyàwó mi ò fẹ́ eruku títì."

"Ẹ bá mi kí màmá o."

"Wọ́n á gbọ́," ni Bàbá Télọ̀ wí.

Ọ̀gá Tútù tú àpótí kékeré iwájú ìjókòó èrò, ó kọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó fa fíltà tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ jáde. Ó kígbe.

"Yéè! Bàbá! Ta ló ń tọ́ ọmọ jòjòló nínú mọ́tò yìí? Páúdà! Ẹ wo fíltà, ó funfun báláú! Èyí tó bá fò nígbà tí wọ́n bá ń kun ún ni fáànù ń fà wọlé, fíltà á sì gbá a mú. Ohun tó dí yín lọ́nà nìyí, kò sí òmíràn."

Ìgbà yẹn gan-an ló yé bàbá. Páúdà tó dínà yìí náà ló ń gbé òórùn ìyàwó ẹ̀ wá, òun sì ni wọ́n fẹ́ kó dànù yìí. Ó dìde fìà. "Dúró, má tíì..."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọ̀gá Tútù yá ju ẹnu ẹ̀ lọ. Ó ti gbé ẹnu rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà sójú fíltà, ariwo ẹ̀rọ sì gbé ọ̀rọ̀ bàbá mì. Páúdà tú jáde fùù, ó kún gbogbo abẹ́ páànù tí Ọ̀gá Tútù ti ń ṣiṣẹ́ bíi kùrukùru. Òórùn náà dé. Ẹ̀yin èèyàn, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ inú mọ́tò mọ́ o. Odidi ìyàwó ẹ̀ ni, bí ẹni pé ó dúró tì í tó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Bàbá, ẹ sún kúrò níbẹ̀! Ìdọ̀tí ni, ó máa kó sí yín láyà!"

Bàbá ò sún. Ó ń fa èémí sínú, ó tún ń fà á, kò fẹ́ mí síta rárá. Atẹ́gùn kan wá fẹ́ láti títì, ó gbá gbogbo ẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ògiri.

Ọ̀gá Tútù dá fíltà padà, ó tan fáànù, ó tún na tíṣù. Tíṣù já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fò lọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn. "Ìjì ni mo kó sínú ẹ̀ fún yín! Ẹ wọlé, ẹ wá gbádùn."

Bàbá Télọ̀ wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó dijú. Afẹ́fẹ́ lù ú lójú, ó lágbára, ó mọ́ tónítóní. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀.

Ọ̀gá Tútù yọjú lójú fèrèsé. "Ṣó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó ń fẹ́ dáadáa."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ̀ ń sunkún, Bàbá?"

"Páúdà ìyàwó mi ni. Wọ́n ti kú."

Ọ̀gá Tútù wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ti mú àkísà tó fẹ́ fi nù ún, páúdà ṣì wà láàárín ìka ẹ̀. Ó ju àkísà sílẹ̀. Ó rọra na ọwọ́ náà gba ojú fèrèsé wọlé.

Bàbá Télọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sí imú. Òórùn ọ́ìlì ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó dúró, ó ń wá òórùn páúdà lábẹ́ ẹ̀. Fáànù ń fẹ́ lọ, bàbá ò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.