Igi Apá Ìyá Bàbá

1.

…torí náà ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà igi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. "Iṣẹ́ mi nìyí," ló wí lójú gbogbo ẹbí. "Ẹ fi èso náà sílẹ̀ fún mi."

Bàbá rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́: èso apá, dúdú, líle. Ìyá Bàbá ló gbin igi náà. Wọ́n ti gé e nítorí ọ̀nà tuntun. Kò sí òmíràn mọ́.

2.

ÀKÍYÈSÍ
(lára ògiri ọgbà tí wọ́n ti ń mú irúgbìn igi hù; òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́)

ÈSO APÁ. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í ráyè wọlé.
Ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan mọ́ òkúta títí inú rẹ̀ á fi hàn.
TÀBÍ
Se omi. SỌ ÌKÒKÒ KALẸ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o da èso sí i.
A KÌ Í SE É BÍ ẸNI Ń SE Ẹ̀WÀ.

3.

Lórí fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó máa hù ṣá?
ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ń bi mí! Ṣé ẹ ti gbàgbé iṣẹ́ mi ni?
Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀gá onígi! Mo túúbá.
ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín.

Ó ṣàlàyé, ó ṣe fọ́ńté. Ó fi ọwọ́ kan mú fóònù, ó fi èkejì da èso sínú ìkòkò. Ìkòkò ṣì wà lórí iná.

4.

Wọ́n rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

5.

Ó sin wọ́n sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ èso apá nínú èyí tí ọgbà tọ́jú pamọ́. Ṣebí apá kúkú ni apá? Ó ha wọ́n, ó rẹ wọ́n sómi, ó gbìn wọ́n sínú ọ̀rá.

Wọ́n hù wẹ́rẹ́. Ojú ń tì í láti bomi rin wọ́n.

6.

Ohùn Bàbá, lórí fóònù:

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti gbin èyí tó o gbé wá síwájú ilé. Àràárọ̀ ni mò ń kí i: ìyá mi, ẹ káàárọ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí mi ti ń dàrú. Kó dàrú!"

7.

~~Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, igi yẹn kì í ṣe~~
~~Bàbá mi, ẹ má bínú, mo~~
Bàbá mi, ẹ kú ilé.

Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló fi ránṣẹ́.

8.

Ó fa àkíyèsí ya kúrò lára ògiri. Ó ní òjò ló bà á jẹ́.

9.

Nínú ọgbà. Bàbá dé láìsọ tẹ́lẹ̀.

BÀBÁ: Mo fẹ́ fọ ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé igi. Wo ohun tí mo bá nínú àpò.

(Ẹyọ èso kan. Dúdú.)

BÀBÁ: Kí ló dé tó o fi ń sunkún?
ỌMỌ: Eruku ni, sà.
BÀBÁ: Bó o ṣe ṣe àwọn tàkọ́kọ́ gan-an ni kó o ṣe eléyìí o. Má yí nǹkan kan padà. Màá dúró wò ó.

10.

Ó mú òkúta. Ó fẹ́ fi ha èso náà.

"Ìkòkò ńkọ́?" ni Bàbá wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ní omi gbígbóná lo fi ṣe é. Ó ní o ṣàlàyé fún òun dáadáa."

Ó gbé òkúta sílẹ̀. Ó fa àga.

"Bàbá mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."